Àbẹ̀kẹ́, Kì í Ṣe Bátìrì Ló Jẹ̀bi

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé tóo bá rí bébà yìí lórí àga dírẹ́bà, ẹ̀rín lo máa kọ́kọ́ rín. Wàá ní, "Dádì mi? Lẹ́tà?" Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà. Ṣebí ìwọ lo ní mi ò gbọ́dọ̀ bá ẹ jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. O ní tí n bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, màá máa fẹsẹ̀ tẹ búréèkì tí kò sí níwájú mi. Òótọ́ lo sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì gbẹ́nu dákẹ́. Má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti jáde, àmọ́ kò sí tíṣà kan nílùú yìí tó lè fẹnu borí mi títí dòní.

Jẹ́ ká tètè débi tọ́rọ̀ wà. Oṣù kan ni Màmá Oníbúrẹ́dì fún ẹ láti fi wa bọ́ọ̀sì tí mò ń wà tẹ́lẹ̀ wò. Tóo bá ń gbé búrẹ́dì dé Odogbolu, tóo ń gbé e dé Ibefun, tóo sì ń padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láràárọ̀ fún oṣù kan gbáko, tí ọkọ̀ ò kú sọ́nà, tí oníbàárà kankan ò sì pariwo pé búrẹ́dì ò kárí, iṣẹ́ náà di tìẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màmá máa ta bọ́ọ̀sì náà, wọ́n á wá dírẹ́bà tó ní ọkọ̀ elépo dísù tiẹ̀, ó parí nìyẹn.

Lánàá, mo gbọ́ nígbà tóo ń sọ fún ìyá ẹ ní kíṣìnnì pé ìlàjì búrẹ́dì lo máa kó, torí pé bátìrì tó ń gbé bọ́ọ̀sì oníná yẹn rìn ò lágbára, pé ṣebí ó kú mọ́ Dádì lọ́wọ́. Ìkọ́kọrẹ́ ni ìyá ẹ sè lánàá. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ìwọ náà mọ̀ mí: ọjọ́ tí mi ò bá lè jẹ ìkọ́kọrẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ kó tó di Mọ́ńdè. Màá sọ ọ́, má kánjú. Jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wá, kí n lè rójú sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò tíì pé ọdún méjìdínlógún nígbà tí ìyá ẹ lóyún ẹ. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì máa ń bi ẹ́ bóyá bọ̀ọ̀dá ẹ ni mí, mo sì mọ̀ pé inú máa ń bí ẹ. Kò sóhun tí n lè ṣe sí i. Bí Ọlọ́run bá fún èèyàn lẹ́wà, á máa gbé e kiri ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi àti ìwọ jọ dàgbà ni. Gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe, ojú ẹ ni mo ti ṣe é. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi ni mo ní àkísà. Mo fẹ́ pín díẹ̀ fún ẹ nínú ẹ̀, kóo má bàa lọ ya tìẹ.

Èkíní. Má fi nǹkan bo ohun tó ń sọ òótọ́ fún ẹ lójú.

Nígbà tí Màmá Oníbúrẹ́dì ra bọ́ọ̀sì yẹn ní tòkunbọ̀, pámárì lo ṣì wà. Dísù ló ń mu nígbà yẹn. Tí mo bá sítáàtì ẹ̀ ní Molipa, ará Imowo á yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èéfín ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Etí ni mo fi ń wà á. Tó bá tó kí n yí jíà, etí mi á sọ fún mi. Tí nọ́súlù tó ń pín epo bá dí, etí mi á sọ fún mi kí mẹkáníìkì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń sọ ọ́ ní gáréèjì pé àwọn tó ń wo mítà, àwọn tí ò mọ ọkọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi. Múfú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O mọ Múfú, ọ̀rẹ́ mi tó ń fi bọ́ọ̀sì dísù tiẹ̀ kó èrò lọ sí Ibefun. Ó ní, "Súlè, iná yẹn ń pè ẹ́ o."

Mo ní, "Jẹ́ kó máa pè. Sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Mo gé téèpù dúdú kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Múfú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì náà fi nọ́ọ̀kì mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò tíì kúrò ní Odogbolu tán. Ó lọ gàràgàrà lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Ọ́ìlì ló ti gbẹ, àṣé ohun tí iná yẹn ń wí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kò bọ̀ sípò mọ́. Àtìgbà yẹn ló ti ń mu dísù bí ẹni mu omi lẹ́yìn ààwẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀sì tóo máa wà yìí, ó ní ojú gíláàsì kékeré kan níwájú tó ń sọ iye iná tó kù fún ẹ. Gbà á gbọ́. Kò ní etí, kò ní ẹnu, kò mọ ìgbéraga. Ohun tó bá rí ló ń sọ.

Èkejì. Ọṣẹ kọ́ ni gbogbo nǹkan ń gbọ́.

Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì yẹn tán pátápátá ni Màmá Oníbúrẹ́dì pe Ẹnjiníà láti Odogbolu. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, o sì ń tẹ̀ lé e kiri bí adìyẹ tó rí àgbàdo: "Bọ̀ọ̀dá Ẹnjiníà, kí lèyí? Kí nìyẹn ń ṣe?" Mo rò pé o kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ò ń kọ́ṣẹ́.

O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì dísù jáde. Ó ń rọ̀, ọ́ìlì ń kán lára ẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. O bi mí pé kí ló ṣe mí lójú. Mo ní èéfín ni. Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì yẹn ò tíì ṣiṣẹ́ láti oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà. Kò sí èéfín kankan.

Wọ́n wá gbé tuntun wọlé, tó ń lo iná. Kò ju ìkòkò tí ìyá ẹ fi ń se ìrẹsì iléyá lọ. Wọ́n to bátìrì pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n to sólà sórí òrùlé ilé búrẹ́dì tí wọ́n á fi máa ṣáàjì ẹ̀. Ẹnjiníà nu ọwọ́ mọ́ ara, ó ní, "Ọ̀gá Súlè, ó ti tán."

Mo ní, "Ó tán kẹ̀? Ìyókù ẹ̀ dà?"

Ìwọ gan-an lo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn.

Èmi dírẹ́bà dísù, kò sóhun tí mi ò lè tún ṣe lójú ọ̀nà. Táǹkì jò? Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i. Okùn já? Mo fi wáyà aṣọ sísá so ó. Ọdún méjì ni ọṣẹ kan wà nídìí táǹkì yẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo gbọ́ tí nǹkan ń dún tíntín lábẹ́ bọ́ọ̀sì oníná yìí, mo mú ọ̀bẹ, mo wọ abẹ́ ẹ̀. Wáyà kan wà níbẹ̀ tó nípọn, tí àwọ̀ ẹ̀ rí bí ọsàn tó pọ́n. Mo ní kí n bó ara ẹ̀ díẹ̀, kí n wo inú ẹ̀.

Ariwo tí Ẹnjiníà pa! "Ọ̀gá Súlè! Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ di súyà ni?"

Orí mi gbá abẹ́ ọkọ̀ bí mo ṣe ń sá jáde. Nítorí náà, ohunkóhun tí àwọ̀ ẹ̀ bá dà bí ọsàn nínú ọkọ̀ yẹn, má fọwọ́ kàn án. Má sì jẹ́ kí rewáyà kankan lójú pópó fọwọ́ kàn án, bó bá wù kó máa búra. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kàn wò ó." Sọ fún wọn pé bàbá ẹ kàn wò ó lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó di súyà. Pe Ẹnjiníà. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò ní nira fún ẹ.

Ẹ̀kẹta ni ti ariwo, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọkọ̀ yìí ò lóhùn. Ọjọ́ kejì tí mo wà á, mo dé Odogbolu, ìyá kan ru agbọ̀n pákí, ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó ń bá ìyá kejì sọ ọ̀rọ̀ àna ẹ̀. Láyé ìgbà dísù, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á ti sá sójú gọ́tà. Mo súnmọ́ ọn, mo súnmọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kí imú ọkọ̀ kan ìró ẹ̀. Mo yọrí jáde, mo ní, "Ẹ kúàárọ̀ o, mà."

Ìyá fò sókè, agbọ̀n lọ, pákí fọ́n ká. Ó yíjú, ó wo bọ́ọ̀sì, ó wò mí. "Ta ló rán ẹ sí mi? Irú ọkọ̀ wo lèyí, tó ń yọ́ rìn bí olè? Wo irungbọ̀n ẹ bíi ti ewúrẹ́!"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá a ṣa gbogbo pákí ẹ̀, ó sì ń bú irungbọ̀n mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Nítorí náà, máa wà á bí ẹni pé gbogbo ayé ló di etí. Tó o bá ti ń súnmọ́ ọjà, fọn fèrè ní jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Má dúró dìgbà tóo bá dé ìdí wọn, ìdágìrì nìyẹn máa jẹ́.

Ibefun tún wá ní tiwọn. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì níbẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti dé. Wọn kì í wo aago. Tí wọ́n bá ti gbọ́ gbòkògbòkò mi lójú ọ̀nà, wọ́n á gbé àwo jáde. Àwọn ìyá mìíì, òun ni wọ́n fi ń lé ọmọ wọn lọ wẹ̀ fún ilé ìwé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé èyí tí ò lóhùn débẹ̀, mo dúró, mo dúró, ẹnì kankan ò yọjú. Ìyá Sùràjù, olórí wọn, ló padà jáde wá da omi nù, tó wá rí mi.

"Súlè! Ìgbà wo lo dé? A ṣì ń retí ariwo ẹ."

"Ariwo ti lọ, mà."

"Ó ti lọ? Kí la ó wá máa fi mọ̀ pé o ti dé báyìí? Ẹ kúkú máa fún wa ní búrẹ́dì lójú àlá."

Àbẹ̀kẹ́, ohun tó o máa fi rọ́pò ariwo ni àsìkò. Ìṣẹ́jú tóo bá fi dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun náà ni kóo fi dé lọ́jọ́ Túsìdeè, òun náà ni títí oṣù á fi parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wàá rí i pé wọ́n á ti máa dúró dè ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ò lè ṣe ìyẹn rí láyé mi, torí pé ariwo ti ń bá mi tọrọ àforíjì. Ẹni tí ò lóhùn ò lè pẹ́ dé.

Ó dáa. Ẹ̀kẹrin. A ti débẹ̀ báyìí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ìdagẹ̀rẹ̀ ni dísù ọ̀fẹ́. Tí dírẹ́bà bá ti dé orí òkè, á yọ jíà, á fi sí fírì, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra ẹ̀ títí á fi dé ìsàlẹ̀. Àwọn mìíì tiẹ̀ máa ń pa kọ́kọ́rọ́. Kò sí dírẹ́bà dísù kan lójú ọ̀nà Odogbolu sí Ibefun tí kì í ṣe é, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Mo lè fi fírì dé ibi tí ẹlòmíì á fi epo débẹ̀. Múfú fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ pè mí ní Ọ̀gá Fírì.

Ẹnjiníà sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Etí ẹ ló sọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀gá Súlè, ẹ má fi èyí sí fírì o. Tẹ́ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ fi sílẹ̀ nínú jíà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ló ń kó iná padà sínú bátìrì. Tẹ́ẹ bá fi sí fírì, ẹ ti da iná yẹn nù."

Mo ní, "Ọmọ yìí, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀?"

Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Ẹnjiníà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ẹ̀ ò jẹ́ kí n ṣe tinú mi. Mo wà á bó ṣe wí, búrẹ́dì kún inú ọkọ̀ dé òrùlé, a lọ, a bọ̀, iná ṣì pọ̀ nínú ẹ̀ nígbà tí a délé. Fi èyí sọ́kàn, torí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ẹ sọ.

Ọjọ́ kẹrin, èmi nìkan ni. Mo dé gáréèjì, Múfú rí mi. Ó ní, "Ẹ wo Súlè! Ó ń wa fíríìjì kiri!" Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Múfú ní, "Bó bá dá ẹ lójú, jẹ́ ká jọ lọ sí Ibefun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀."

Ọmọ mi, o mọ bàbá ẹ. Ṣé ó yẹ kí n sọ èyí tó kù?

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run gbọ́, bọ́ọ̀sì yẹn lè sáré! Mo já búrẹ́dì Odogbolu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo sì tún wọnú ọkọ̀. Múfú ò rí ju ẹ̀yìn mi lọ. Gbogbo ìdagẹ̀rẹ̀ tí mo kàn, fírì ni mo fi sí, kí n lè fi hàn án pé Ọ̀gá Fírì ṣì wà láyé. Ojú gíláàsì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi. Ó ń yọ mí lẹ́nu. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi kọ́ ọn lójú.

Òkè tó kẹ́yìn kí n tó wọ Ibefun, ọkọ̀ rọra ń lọ, ó rọra ń lọ, ó dúró. Kò lọ gàràgàrà, kò tú èéfín. Ó kàn dúró bí ẹni pé a ti débi tí à ń lọ. Láìpẹ́, Múfú dé. Ó dẹ ìrìn, ó yọrí jáde, ó ní, "Súlè, ṣé kí n fún ẹ ní dísù díẹ̀?" Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Èéfín ẹ̀ bo èmi àti búrẹ́dì màmá mọ́lẹ̀.

Ibefun ò jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn fi máa mú dáadáa, búrẹ́dì ti ń làágùn nínú ọ̀rá. Màmá Oníbúrẹ́dì àti Ẹnjiníà jọ dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó máa wọ́ mi. Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí. Màmá ní, "Súlè, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní, "Bátìrì ni, mà. Bátìrì tí ọmọ yìí gbé síbẹ̀ ò lágbára. Ó ti rẹ́ yín jẹ."

Ẹnjiníà sún mọ́ ọkọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ó wo jíà, ó rí i pé fírì ló wà. Ó wo iwájú. Ó bọ́ fìlà mi kúrò lójú gíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ní, "Fìlà yín rè é, sà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá bú u níwájú gbogbo èrò títí ó fi sú wọn, Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Oníbúrẹ́dì kejì nílùú yìí, tó ti fẹ́ gbé ọkọ̀ tiẹ̀ náà fún Ẹnjiníà pé kó bá òun sọ ọ́ di oníná, gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní òun ò ṣe mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún gbogbo ayé pé bátìrì ni, títí ìwọ ọmọ mi náà fi gbà á gbọ́, tóo sì fẹ́ gbé ìgbàgbọ́ yẹn jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bátìrì ò ṣe nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá ṣáájú lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ fi ń lé e bá. Tèmi ò tó ogún ọdún, àmọ́ ó ti ń rùn. Láàárọ̀ yìí, kóo tó jí, mo ti lọ sí Odogbolu. Mo bá Ẹnjiníà lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní, "Jáde wá. Mo parọ́ mọ́ ẹ."

Ó jáde, ó ní, "Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tóo ò fi sọ lọ́jọ́ yẹn? O rí jíà, o rí fìlà."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sílífà lẹ jẹ́, sà."

Bó ṣe pe orúkọ ẹ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, èmi àti ìwọ ṣì máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mi ò sọ pé mo bínú o. Mo kàn sọ pé mo gbọ́ ọ.

Èmi àti ẹ̀ jọ lọ bá oníbúrẹ́dì kejì, mo tún un sọ níwájú ẹ̀. Ó ní òun ṣì máa rò ó wò. Láti ibẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ màmá. Mo sọ ọ́ fún wọn tán. Wọ́n ní, "Ṣé torí kí n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ kí n gbé e padà fún ẹ lo ṣe wá?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun máa ń béèrè."

Wọ́n ní, "Àkọ́kọ́ rè é tí Súlè máa dé ọ̀dọ̀ mi tí kò ní fi ara ẹ̀ yangàn." Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ tó mi ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Mo gbé e mì.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí bàbá ẹ wí: má kó ìlàjì. Kó gbogbo ẹ̀. Tóo bá kó ìlàjì, Odogbolu máa jẹ, Ibefun ò ní rí tó, Ìyá Sùràjù máa dé ọ̀dọ̀ màmá kó tó di Fráídè, wọ́n á sì ta ọkọ̀ náà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ ò lè gbé e. Irọ́ tí èmi pa ni ò ní jẹ́ kóo gbé e. Kó búrẹ́dì kún un dé òrùlé. Má sáré. Tóo bá dé orí òkè, fi sílẹ̀ nínú jíà, gbẹ́sẹ̀ kúrò, jẹ́ kó máa jẹun padà. Ọwọ́ ẹ lè máa yún ẹ láti yọ jíà, torí pé ẹ̀yìn mi lo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìyẹn ni ogún burúkú tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ. Kọ̀ ọ́.

Àwọn díẹ̀ tó kù, mi ò lè to nọ́mbà sí wọn mọ́. Ọjọ́ tí òjò bá ti fẹ́ ṣú, sólà ò ní rí oòrùn dáadáa, tètè kó iná sínú ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú. Jẹun kóo tó jáde, ebi máa ń jẹ́ kí ìbínú yá èèyàn. Múfú máa pè ẹ́ ní ìyàwó fíríìjì, mo mọ̀ ọ́n. Á ní kẹ́ ẹ jọ sáré. Kí i dáadáa, ní "Ẹ kúàárọ̀ o, bọ̀ọ̀dá Múfú," kóo sì máa lọ ní tìẹ. Jẹ́ kó dé Ibefun ṣáájú ẹ. Kì í ṣe òun ló gbé búrẹ́dì.

Ó kù ohun kan. Mo ti bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kó gbé mi tẹ̀ lé ẹ lẹ́yìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n kàn máa wò ẹ́ láti òkèèrè. Mo ti sọ fún un pé kó má wá mọ́. Tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, pè mí. Màá dé, mi ò ní wí nǹkan kan, màá kàn bá ẹ tì í. Àmọ́ tí kò bá kú, jọ̀ọ́, má pè mí láti sọ pé o ti dé Odogbolu. Má pè mí láti sọ pé o ti dé Ibefun. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá gbé fóònù lé itan, màá sì máa bẹ Ọlọ́run kí ọmọ mi má rántí mi rárá, títí yóò fi já búrẹ́dì tó kẹ́yìn.

Èmi ni bàbá ẹ, tó wà á ṣáájú ẹ, tí kò wà á tó ẹ,

Súlè.